Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta Tí Kò Ní Àmì Ohùn

Àtìnì, 6 Oṣù Kẹwàá, 2025

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn: páìpù ẹ̀yìnkùlé tó ń kán tó, tó, tó. Òjò tó yẹ kó ti máa palẹ̀ mọ́, tó tún ń wọlé bí àlejò tí kò gbọ́ “ó dàbọ̀”. Bóyá mo ti ilẹ̀kùn ojúde tàbí mi ò tì í. Gààrí tó tún wọ́n sí i. Sódìq ọmọ mi tí kò pè láti ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru Mùínátù ìyàwó mi. Ẹniìtàn oníṣòwò, àti àwọn ṣọ́ọ̀bù tó fẹ́ kọ́ sórí ilẹ̀ Ilé Ìlera Ìta-Ọ̀pẹ.

Kí n má purọ́, èyí tó kẹ́yìn yìí ló gba oorun lójú mi. Àwọn yòókù kàn bá a wọlé ni. Bí wọ́n bá wó ilé ìlera yẹn, níbo ni Mùínátù yóò ti máa gba oògùn? Ilé ìwòsàn ńlá jìnnà, ọ̀kadà kò sì yẹ obìnrin tí orí ń fò. Gbogbo ọmọ tí a bí, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ sunkún.

Mo sọ fún un láàárọ̀ pé mi ò fojú kan oorun.

Ó ní, “Ta ló wá ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Bàbá Sódìq? Ṣé Ẹniìtàn ni?”

Àlàrùbá, 8 Oṣù Kẹwàá

Olúyọmí tó ń kọ́ni ní yunifásítì Ìjagun, ọmọ bíbí àdúgbò wa, ti fi èmi àti Mùínátù sínú gúrúùpù Wáàsáàpù tó dá sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. “Ilé Ìlera Wa” ni orúkọ rẹ̀. Èrò tó wà níbẹ̀ pọ̀ tó èrò yídì. Wọ́n kí mi títí fóònù mi fi gbóná, mo sì gbé e sórí abọ́ tútù kó má bàa gbiná.

Olúyọmí ṣàlàyé pé a ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìjọba ní Abẹ́òkúta. Títí wọn yóò fi pè wá, iṣẹ́ tiwa ni kí a kó ẹ̀rí jọ, kí a sì ṣọ́ ẹnu wa. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má bú Ẹniìtàn. Kí ẹnikẹ́ni má dá ẹni tó bá ń tọ́ wa níjà lóhùn. Ohun tí o kò bá lè sọ níwájú adájọ́, má tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kí a má pe ara wa ní amí.

Mo pè é lórí fóònù. Mo ní, “Bí amí bá wà ńkọ́?”

Ó ní, “Bàbá, bó bá wà, ohun tó ń wá náà nìyẹn, kí a máa fura síra wa. Bí a ò bá sọ ohun tó burú, kí ni yóò rí kó lọ?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Ṣùgbọ́n mo tún ń rò ó pé kí ni ó ń jẹ́ ohun tó burú gan-an.

Sátidé, 11 Oṣù Kẹwàá

Ẹnì kan ti wọ gúrúùpù tó ń pe ara rẹ̀ ní Ajàjàgbara Gidi. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Àwòrán kìnnìún ló fi síbi tí ojú rẹ̀ yẹ kó wà. Ó ní ìwé kíkọ kò tu irun kan lára Ẹniìtàn, pé ní ìlú mìíràn, katakata tó bá wá wó ilé ìlera, wọn ì bá ti sun ún. Àwọn ọmọdé kan fi àtàǹpàkò sí i.

Olúyọmí kò bá a fà á. Ó kàn gbé àwòrán òrùlé ilé ìlera tó ń jò sójútáyé, ó bèèrè ẹni tó mọ kápẹ́ńtà.

Àtàláátà, 14 Oṣù Kẹwàá

Òjò ńlá láàárọ̀. Mo ti ilẹ̀kùn ojúde, mo sì lọ wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Gidi kò jẹ́ kí a sinmi. Ó dojú kọ àwa àgbà. Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá Ìta-Ọ̀pẹ, ṣé ẹ̀ ń jà ni àbí ẹ ò jà?” Ó tún un bèèrè. Ó ní bóyá wọ́n ti kó wa jẹ. Ìyẹn ni mi ò lè gbà. Mo mú fóònù, mo wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, mo kọ ọ́:

A o ja.

Ó tán. Mo fẹ́ fi kún un pé ìwé la fi ń sọ̀rọ̀, àmọ́ mi ò tí ì rí lẹ́tà tó kàn nígbà tí Mùínátù, tó jókòó sí yàrá kejì, fi ohùn ránṣẹ́ sínú gúrúùpù kan náà. Gbogbo ayé gbọ́ ọ:

“Ó dáa tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá Sódìq. Ẹni tó ń pè mí kí n wá bá òun ṣí ìdérí ìgò oyin, ta ni yóò lọ bá jà? Ẹ jẹ́ kí ìwé bá wa jà á.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ojú tó ń da omijé ẹ̀rín kún gbogbo fóònù. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ omi, tí mo ń tú páìpù irin pẹ̀lú ọwọ́ mi.

Mo bá a yan odì. Ó sì lágbára, títí ìkọ́kọrẹ́ fi délẹ̀.

Jímọ̀, 17 Oṣù Kẹwàá

Ọ̀ràn dé.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni Olúyọmí pè. Ó ní ẹnì kan ya àwòrán ohun tí mo kọ, ó gbé e fún Ẹniìtàn, Ẹniìtàn sì gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó ní àwọn àgbà Ìta-Ọ̀pẹ ti kéde ogun.

Mo ní, “Ogun wo? Ohun tí mo kọ ni pé a ò jà.”

“Mo mọ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n wọ́n ní a ó jà lẹ kọ.”

Mo ṣí fóònù, mo wò ó. A o ja. Mo wò ó bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ dójú tì. Bí o bá fa ohùn náà sísàlẹ̀, àlàáfíà ni. Bí o bá gbé e sókè, ìjà dé. Kò sì sí àmì kankan lórí “o” yẹn tí yóò sọ èyí tó jẹ́. Mo jókòó sórí ibi ìṣàlùwàlá.

Wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́ Àtìnì. Olúyọmí ní bí wọ́n bá fi ẹ̀sùn ìhalẹ̀ kàn wá, ìgbìmọ̀ Abẹ́òkúta lè má gbọ́ tiwa mọ́. Kì í ṣe ara mi nìkan ni mo kó bá. Ilé ìlera ni.

Nígbà tí mo délé, orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ṣe é. Mukhtar ni. Ta tún ni? Mukhtar tó ń tún fóònù ṣe ní oríta, inú gúrúùpù ló wà, mo sì rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá nínú ọkọ̀ Ẹniìtàn, tó ń mu mínírà. Mo ti tẹ̀ ẹ́ dé “Mukhtar ni o” nígbà tí Mùínátù yọjú lẹ́yìn mi.

“Ẹ rí i tó ya àwòrán?”

“Mo rí i nínú ọkọ̀ Ẹniìtàn.”

“Bí ẹ bá rí mi lẹ́nu ọ̀nà báńkì, ṣé mo ti dolówó nìyẹn? Ẹ pa á rẹ́, Bàbá Sódìq.”

Mo pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ti fẹ́ fi mí sí àhámọ́, tí mo tún ń kọ òmíràn.

Àtìnì, 20 Oṣù Kẹwàá

Mo padà délé. Alhamdulillahi. Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí kí n tó gbàgbé.

Mo kó jálámíà kan, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, oògùn ìnira àyà àti ṣálì sínú báàgì, bóyá wọn kò ní jẹ́ kí n padà. Mùínátù bèèrè pé ṣé Hájì ni mò ń lọ. Ó tẹ̀ lé mi. Olúyọmí náà wá.

Ọ̀gá ọlọ́pàá tó dá wa lóhùn, obìnrin ará Èkìtì ni, ó fún wa ní ìjókòó. Ẹniìtàn ti wà níbẹ̀, ó wọ agbádá funfun, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹjọ́ mi sùn. Ọ̀gá náà gbé àwòrán síwájú mi.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ eléyìí?”

“Èmi ni, mà.”

“Ẹ kà á fún mi.”

“A ò jà.”

Ẹniìtàn rẹ́rìn-ín. “A ó jà ló wà níbẹ̀, mà. Ẹ̀rù ẹjọ́ ló rẹ ohùn bàbá sílẹ̀.”

Obìnrin náà yí àwòrán náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, bí ẹni pé àmì lè já bọ́ láti ibì kan. Ó ní, “Tíṣà wa nílé ìwé fi pàṣán kọ́ wa ní àmì ohùn. Mo bú u nígbà náà. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì báyìí.”

Ẹniìtàn tẹ̀ síwájú. Ó ní gbogbo àdúgbò mọ̀ pé mo jẹ́ oníjàgídíjàgan látìgbà tí mo wà nílé-iṣẹ́ omi, pé mo ti já omi bàbá rẹ̀ nígbà kan. Irọ́ ni. Bàbá rẹ̀ ló jẹ gbèsè omi. Ó dé ẹnu mi. Ó dé eyín mi. Mo wo Olúyọmí, ó kàn ń wo ilẹ̀. Mo gbé e mì, ó sì dùn mí lọ́fun bí egungun ẹja.

Olúyọmí ní, “Mà, ẹni tó ya àwòrán yìí gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò. Ohùn kan tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ bàbá lójú ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ lórí fóònù tèmi.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn Mùínátù kún gbogbo ọ́fíìsì: ó dáa tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń pè mí kí n wá bá òun ṣí ìdérí ìgò oyin.

Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà fi ọwọ́ bojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Nígbà tó rí ẹnu sọ̀rọ̀, ó kọjú sí Ẹniìtàn. “Ọ̀gbẹ́ni, bó bá ṣe pé a ó jà ni bàbá kọ, ṣé ohun tí ìyàwó rẹ̀ máa fi fèsì nìyí? Ṣé ẹni tó fẹ́ lọ jà ni wọ́n ń sọ fún pé ó dáa, kí ìwé bá wa jà á?”

Ẹniìtàn bẹ̀rẹ̀ sí í tún agbádá rẹ̀ ká sí èjìká.

Obìnrin náà bi Mùínátù pé, “Ìyá, ìgò oyin yẹn ńkọ́?”

“Èmi ni mo ṣí i, mà. Ó ti tán.”

Wọ́n ní kí a máa lọ. Ó ní kí n máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀ mi láti òní lọ. Ohùn tí mo tìtorí rẹ̀ yan odì ló gbà mí sílẹ̀. Mi ò tí ì mọ bí màá ṣe sọ ọ́ fún un.

Àtàláátà, 21 Oṣù Kẹwàá

Mo sọ ọ́. Mo ra ẹja tútù, ó sì wọ́n. Ó ní ẹja ti dúpẹ́ tó, kí n dákẹ́.

Jímọ̀, 24 Oṣù Kẹwàá

Gbogbo gúrúùpù ti di ilé ìwé. Olúyọmí kọ́ wa bí a ṣe ń tẹ àmì ohùn lórí fóònù: o di lẹ́tà náà mú, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì tú jáde lókè, o mú èyí tó wù ọ́. Mo di “o” mú títí àtàǹpàkò mi fi kú.

Àwọn àgbà kò fi ṣeré. Ẹnì kan ń fi àmì sórí nọ́ńbà fóònù. Ìyá Hafeezah tó ń ta ṣẹ́ẹ̀tì fẹ́ sọ fún wa pé ọkọ òun ń bọ̀ láti Èkó, ó kọ ọ́ pé “Ọkọ̀ mi ń bọ̀ láti Èkó.” Kí ó tó mọ̀, wọ́n ti ń kí i kú oríire ọkọ̀, wọ́n ń bi í pé irú wo ni. Ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí i.

Nítorí kí ojú má bàa ti ẹni tí àmì kò yé, a fẹnu kò pé bí ọ̀rọ̀ bá lè ní ìtumọ̀ méjì, kí a fi ohùn ránṣẹ́. Gidi ní a ti di ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ó sì fi àmì sí i dáadáa.

Àtàláátà, 28 Oṣù Kẹwàá

Mo gba oríta kọjá. Mukhtar pè mí, ó fún mi ní àpótí jókòó. Mi ò bi í ní nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín kí ẹ máà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹniìtàn gbé mi sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ra mínírà fún mi. Ó ní òun á fún mi ní ṣọ́ọ̀bù iwájú pátápátá bí mo bá ń sọ ohun tí ẹ ń sọ fún òun.”

“Kí lo sọ?”

“Mo ní ohun tí a ń sọ kò ju oògùn ibà àti bẹ́ẹ̀dì abiyamọ lọ. Mo mu mínírà mi tán, mo sọ̀ kalẹ̀.”

Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, ìka kan ló kù. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, ọmọlúàbí ọmọ yìí ì bá ti di amí lójú gbogbo Ìta-Ọ̀pẹ, bí a bá sì pa á rẹ́ lórí fóònù, ta ni yóò pa á rẹ́ lọ́kàn èèyàn? Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe. Mo ra wáyà ìgbaná fóònù kan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti ní méjì nílé.

Ẹni tó ya àwòrán náà, a kò mọ̀ ọ́n títí di òní. Olúyọmí ní kí a má wá a. Ó ṣòro fún irú èmi.

Àìkú, 2 Oṣù Kọkànlá

Òjò ti ń dẹwọ́. Afẹ́fẹ́ àárọ̀ ti ní òtútù díẹ̀.

Gidi fi mí ṣe oúnjẹ òwúrọ̀. Ó pè mí ní Bàbá Ìdérí Oyin. Ó ní ìyàwó mi ló ń wọ ṣòkòtò nílé wa, pé irú mi ni Ẹniìtàn ń fi ẹsẹ̀ gbá. Mo kọ èsì, mo pa á rẹ́. Mo kọ òmíràn tó kan ìyá rẹ̀, mo ní astaghfirullah, mo pa á rẹ́. Kí ọ̀rọ̀ má bàa pa mí, mo kọ ọ́ síbí: orí rẹ rí bí ìdí ìkòkò tí wọ́n fi se àpọ̀n, Gidi, kìnnìún tó wà lára rẹ kò sì bá ọ tan. Ó parí. Ọkàn mi fúyẹ́.

Lẹ́yìn náà mo kọ ọ́ sínú gúrúùpù pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé: “Ọ̀la ni ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára o. Ẹ gbé àwọn ọmọ wá ní kùtù.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi lóhùn. Ẹnì kan bèèrè bóyá káàdì tó sọnù lè dí i lọ́wọ́. Òmíràn ní òun lè fi kẹ̀kẹ́ gbé àwọn ìyá arúgbó lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ Gidi ti lọ sókè pátápátá, o ní láti fa ìka tipẹ́tipẹ́ kí o tó rí i.

Àtìnì, 3 Oṣù Kọkànlá

Àwọn abiyamọ pọ̀ débi pé wọ́n jókòó sórí ilẹ̀. Olúyọmí ya àwòrán wọn pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn. Ó ní ẹ̀rí tó dára jù lọ tí a ní nìyí.

Àlàrùbá, 5 Oṣù Kọkànlá

Gidi ti jáde. Kò sẹ́ni tó lé e.

Àìkú, 9 Oṣù Kọkànlá

A ṣèpàdé lábẹ́ igi mángòrò ilé ìlera. Ìgbìmọ̀ ti pè wá. Wọ́n ní kí a mú ẹnì kan tí yóò ṣojú wa sọ̀rọ̀. Mo ti ń wo Olúyọmí nígbà tí òun náà ń wò mí.

Ó ní, “Bàbá Sódìq ni.”

Mo ní, “Èmi? Ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Ìwọ ń kọ́ni ní yunifásítì. Ẹ̀rù á bà mí.”

“Ẹni tí ẹ̀rù ọ̀rọ̀ ń bà la ń wá, Bàbá. Ẹniìtàn yóò wà níbẹ̀, yóò sì máa tọ́ yín. Mo rí yín ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ó pè yín ní oníjàgídíjàgan, ẹ sì dákẹ́. Èmi gan-an ì bá ti dáhùn.”

Mukhtar ní òun fara mọ́ ọn. Gbogbo wọn gbọ́wọ́ sókè. Mùínátù gbé ọwọ́ méjèèjì.

Mo ráhùn títí a fi délé. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, nígbà tí mo wo dígí, mo rẹ́rìn-ín.

Àlàmísì, 13 Oṣù Kọkànlá

Mo ń kọ́ra mi ní ọ̀rọ̀ tí màá sọ níwájú ìgbìmọ̀. Mùínátù ń ṣe Ẹniìtàn. Ó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ó pè mí ní olè omi, arúgbó ẹ̀gàn, aláìmọ̀kan, ó gba ìsinmi, ó jẹ èpà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa sọ iye abiyamọ tó wá, ibi tó kù tí wọ́n lè lọ àti bó ti jìnnà tó, kí n má dá èébú kankan lóhùn. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ṣubú mọ́.

Ó ní, “Ẹ̀yin náà ti ń gbádùn rẹ̀.”

Àtìnì, 17 Oṣù Kọkànlá

Ọyẹ́ ti wọlé díẹ̀. Ètè mi ti ń bó. Sódìq pè láti Abẹ́òkúta, ó ní yàrá ti wà nílẹ̀. Jímọ̀ ni ìjókòó, ní àárọ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè gbéra lọ́jọ́ náà gan-an. Bí táyà bá bẹ́ ńkọ́? Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wà? Mùínátù ní Abẹ́òkúta kì í ṣe Mẹ́kà. Ó sì ti di ẹ̀wù tirẹ̀ náà sínú báàgì, láìsọ fún mi pé òun ń bọ̀.

Láti àná ni wọ́n ti ń bèèrè nínú gúrúùpù pé ọjọ́ wo ni a ń lọ, ọkọ̀ wo ni a ó wọ̀, ibo ni a ó sùn. Ó ṣeé ṣe kí ìfẹ́ ló ń mú wọn bèèrè. Olúyọmí ní kí n má sọ ọ́, kó má bàa dé etí Ẹniìtàn. Mo kàn kọ ọ́ pé, “Ẹ máa fi àdúrà sin wá.” Ìyá Hafeezah pè mí níkọ̀kọ̀, ó ní kí n sọ ọ́ fún òun nìkan. Mo bi í pé báwo ni ọkọ̀ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbàgbé ohun tó bèèrè.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí èèyàn kò sọ fún ẹnikẹ́ni máa ń yún un nínú. Ìwé yìí nìkan ni mo sọ ọ́ fún: Èmi àti Mùínátù yóò gbéra lẹ́yìn Ásùbáà, ní Àlàmísì, 20 Oṣù Kọkànlá, 2025.